Ṣé ọmọ lè kọ́ kíbọ́ọ̀dù lórí fóònù láti Òmù-Àrán?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti ń kọ́ kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Iṣẹ́ ti gbé tíṣà náà lọ sí Ìbàdàn báyìí, ó sì ní ká má jẹ́ kí ọmọ dúró, pé òun á máa kọ́ ọ lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ ní owó dátà la fẹ́ máa sọnù, pé orin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ láìjókòó ti ara wọn. Fóònù mi nìkan la ní, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì jẹ́ oní-kíì 61. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè ṣiṣẹ́? Kí ni kí n sì ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ìyá wa. Ó lè ṣiṣẹ́. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ọmọ tiyín, n kò sì ní fi sọ̀yà lórí gbogbo ọmọ. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nínú ìwé yín ni pé tíṣà yìí ti jókòó ti ọmọ náà fún ọdún kan gbáko. Ó ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ bóyá àtàǹpàkò rẹ̀ ló máa ń pẹ́ kó tó gba abẹ́ ìka yòókù kọjá, tàbí ìka kẹrin rẹ̀ ló máa ń sùn. Bí nǹkan bá dún sódì létí rẹ̀ ní Ìbàdàn, á ti mọ ìka tó ṣe é kó tó wo ojú fóònù rárá. Ká ní ọmọ ọdún márùn-ún ni, tí kò tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí, ǹ bá sọ fún yín pé kí ẹ wá ẹnì kan ní Òmù-Àrán níbẹ̀ tàbí ní Àjàsẹ́-Ìpo, kódà bí onítọ̀hún kò bá mọ̀ ọ́n tó tíṣà Ìbàdàn. Ọwọ́ ènìyàn ló ń to ọwọ́ ọmọ kékeré.

Bàbá ọmọ náà kò sì sọ ohun tí kò sí. Jíjókòó ti ara ẹni la fi ń kọ́ orin nílẹ̀ wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni ọmọ Àyàn ń wà. Ojú ló fi ń mú ọwọ́ bàbá, etí ló fi ń gba ohùn ìlù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì, bàbá á di ọwọ́ náà mú tòun ti kọ̀ǹgọ́, wọ́n á sì jọ lù ú bó ṣe yẹ. Bákan náà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Fẹlá Ṣówándé tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, inú ẹgbẹ́ akọrin Kátídírà Kírísítì ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ẹ̀gbẹ́ T. K. E. Phillips tó jẹ́ atẹdùùrù níbẹ̀ ló sì ti kọ́ dùùrù. Nǹkan méjì ni jíjókòó tira bẹ́ẹ̀ ń fún ọmọ: tíṣà ń gbọ́ ohun tí ọmọ ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì lè fọwọ́ kàn án. Fóònù gba méjèèjì lọ. Tíṣà tó bá kàn gbé ẹ̀kọ́ orí àga ka orí fóònù bó ṣe wà, láìpààrọ̀ ohunkóhun, á sun dátà yín jóná lóòótọ́, bàbá ọmọ á sì jàre. Ohun tí màá sọ fún yín nìyí: ẹ má jẹ́ kó kọ́ ọmọ lórí fóònù bí ó ṣe ń kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, mo ní àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Tanke àti Gáà-Àkáǹbí ní Ilọrin níbí, àti ọmọkùnrin kan ní Ọ̀ffà. Gbogbo wọn ni mo kó lọ sórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti ọmọ Ọ̀ffà yìí ni n kò gbàgbé. Mo ní kó tẹ orin ìsìn kan tó ti mọ̀ dáadáa, mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún un láti ìhà ọ̀dọ̀ mi kó lè dúró lórí ìlù. Ó ń fà sẹ́yìn. Èmi náà fà sẹ́yìn kí n lè dúró dè é. Ó tún fà sí i. Kí á tó dé ìlà kẹta, orin ayọ̀ ti di orin òkú. Mo bá a wí. Mo ní kò ṣe ìdánrawò láti ọjọ́ yìí wá. Ọmọ náà sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi ohunkóhun, mo sì pè é, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí onílù méjì bá dúró ní mítà 10 síra wọn, ohùn ìyáàlù á lo nǹkan bí ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé etí oní-omele. Èyí ṣì ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ òpin. Ìdí nìyẹn tí àwọn onílù fi máa ń fún mọ́ra wọn, tí ẹgbẹ́ akọrin kì í fọ́n káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí fóònù, kódà lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, ohùn lè lo ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé. Èyí dà bí ìgbà tí ìyáàlù bá wà ní ẹnu ọ̀nà ààfin, tí omele sì wà ní ìwọ̀n mítà 50 sí i. Àlọ nìkan nìyẹn o. Àtẹ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ dé Ọ̀ffà, ọmọ á tẹ̀ lé e, ohun tó tẹ̀ á sì tún padà wá bá mi ní Ilọrin: ìdá 300 nìyẹn. Orin tí a bá ń lu ìlù rẹ̀ ní 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju ìdá 750 lọ. Ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tọ́ gan-an lọ́hùn-ún, ó kàn ń dé etí mi pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn tó sún mọ́ ìdajì ìlù kan ni. Èmi tí mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni mò ń fà á lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, ìyá wa, òfin kìíní tí ẹ máa bá tíṣà yín ṣe ni pé kí òun àti ọmọ má ṣe tẹ nǹkan papọ̀ lórí fóònù láé, kó má sì pàtẹ́wọ́ tàbí ka "one, two" nígbà tí ọmọ bá ń tẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, mẹ́tíróónòmù, gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ló ní in nínú, ọ̀fẹ́ sì wà lórí fóònù. Bí tíṣà bá fẹ́ bá a tẹ orin oní-ọwọ́ mẹ́rin, kó tẹ ti tirẹ̀ sílẹ̀, kó gbà á sínú fóònù, kó fi ránṣẹ́. Ọmọ á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì máa tẹ tirẹ̀ lé e lórí.

Kí wá ló kù tí wọ́n lè jọ ṣe? Lílé àti gbígbè. Ẹni tó bá ti gbọ́ dadakúàdà Ilọrin rí, tó gbọ́ bí Ọ̀dọ̀layé Àrẹ̀mú ṣe ń lé tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbè, mọ ohun tí mò ń sọ. Tíṣà á tẹ ìlà kan, á dákẹ́. Ọmọ á dá a lóhùn pẹ̀lú ìlà kejì. Bí ohùn bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, kò bà á jẹ́, nítorí ẹnì kan ti parí kí ẹnì kejì tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti yí ẹ̀kọ́ mi sí èyí, n kò bá ọmọ kankan jà lórí ìlù mọ́.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù. Ẹ̀kọ́ ojúkojú orí fóònù kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ wà. Iṣẹ́ wà nínú ohun tí ọmọ bá gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wa bá wà lórí kíbọ́ọ̀dù, etí wa ń ran ọwọ́ lọ́wọ́, kò ráyè gbọ́ orin. Ìgbà tí a bá ká ọwọ́ kúrò, tí a sì tẹ́tí sí ohun tí a gbà sílẹ̀, la máa ń gbọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń gbọ́ wa.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ọ̀ffà, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń kọ́ saxophone. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún wọn pé wọ́n máa ń mí sí àárín ọ̀rọ̀, pé bí wọ́n bá ń fọn orin ìsìn Yorùbá, wọ́n máa ń já ọ̀rọ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó parí rẹ̀. Wọn kò gbà. Wọ́n ní ibi tí èémí bá tán sí ni àwọn ń mí sí. Lọ́jọ́ kan mo ní kí wọ́n gba orin kan náà sílẹ̀, kí wọ́n fi íápíìsì sétí, kí wọ́n ṣí ìwé orin wọn, kí wọ́n sì máa fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí àwọn fúnra wọn bá ti mí. Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Tíṣà, mo ti pa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí wẹ́wẹ́." Ohun tí ẹnu mi fi oṣù mẹ́ta sọ, fóònù fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ọ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nílé rèé. Ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, kí ọmọ gba ìlà tí tíṣà fún un sílẹ̀, ìlà mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, kó sì kọ ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ sínú ìwé kékeré kan: "ọwọ́ òsì pariwo ju ọ̀tún," "mo sáré níbi tó rọrùn." Tíṣà á fi ohùn dá a lóhùn lórí WhatsApp, á sì tẹ ibẹ̀ kó gbọ́. Ẹ má jẹ́ kó gbà á lẹ́ẹ̀mejìlélógún títí tí yóò fi mọ́ bí omi òjò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kó fi ránṣẹ́, bó ti wù kó rí. Ọmọ tó bá ń fi èyí tó dára jù nìkan ránṣẹ́ ń fi àìsàn pamọ́ fún dókítà. Ohùn lásán tó fún ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, kì í sì í ju bíi 1MB lọ fún ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ kẹrin ni kó fi fídíò ránṣẹ́ kí tíṣà lè rí ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ohùn náà dé láìdínkù, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ìwé, níbi tí wọ́n kọ Document sí, nítorí WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè fúyẹ́.

Bí ẹ bá ń ṣe èyí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún ìpàdé ojúkojú. Zoom, áàpù ìpàdé fídíò, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, kò ní dí yín lọ́wọ́. Fídíò wákàtí kan láàárín ẹni méjì lè jẹ nǹkan bí ìdajì GB sí 1GB, nítorí náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í ṣe ohun tó ń fọ́ ilé. Ẹ sọ èyí fún bàbá ọmọ.

Zoom ni mo fẹ́ràn fún ìpàdé náà ju ìpè fídíò WhatsApp lọ, ìdí rẹ̀ sì ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀rọ ìpè yìí fún. Wọ́n kọ́ ọ láti máa yọ ohùn tó bá ń lọ gbuurugbu láìyí padà, bíi ti fáànù tàbí jẹnẹrétọ̀, kí a lè gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá wá tẹ nóòtù kan tó sì dì í mú fún ìlù mẹ́rin, ẹ̀rọ náà á rò pé fáànù ni, á gé e. Tíṣà á gbọ́ ìlù kan àbọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ á pa. Mo ti rí òbí tó gbé kíbọ́ọ̀dù lọ fún àtúnṣe nítorí èyí, nígbà tí ohunkóhun kò ṣe kíbọ́ọ̀dù. Nínú ètò ohùn Zoom, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Original sound for musicians. Ẹ tàn án. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé orin ni èyí, má ṣe fọ̀ ọ́. Kí tíṣà náà tan tirẹ̀, kí ó sì wọ íápíìsì, nítorí bí a bá ti tan ohun yìí, ohùn lè máa padà bọ̀ wá bá ẹni tó sọ ọ́.

Ní ti fóònù kan ṣoṣo tí ẹ ní, ó tó. Ẹ má gbé e síwájú ọmọ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ojú ọmọ kọ́ ni tíṣà fẹ́ rí. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ohùn tín-ín-rín wà, lórí àga gíga tàbí ìdì ìwé. Ẹ gbé e dúró ní ìbú, kì í ṣe ní òró, kó lè rí láti ìgbúnwọ́ dé orí ìka. Ibẹ̀ ló ti máa rí ọrùn ọwọ́ tó wọlẹ̀ àti ìka tó nà gbalaja. Kí fèrèsé má ṣe wà lẹ́yìn ọmọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji ni tíṣà á máa kọ́.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an, tí àwọn tíṣà orí fóònù láti òkè òkun kò ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ àwa tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí kíì C nìkan la ti mọ̀ ọ́n tẹ̀, bọ́tìnì transpose la fi ń gbé e lọ síbi tí akọrin bá ti dá orin. Àwọn ọmọ ń kọ́ ọ lára wa. Bí bọ́tìnì yìí bá wà ní 5, ọmọ á máa tẹ C, tíṣà á máa gbọ́ F, kò sì ní mọ ìdí tí ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ kò fi bára mu. Lójúkojú á kàn tẹjú mọ́ ojú kíbọ́ọ̀dù. Lórí fóònù, ó lè fi ìdajì ẹ̀kọ́ wá a. Kí ọmọ máa dá transpose padà sí òdo kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ ọ́ síta: "Òdo ni, sà." Ì bá wù mí kó pa bọ́tìnì yẹn tì pátápátá fún ọdún kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ tíṣà rẹ̀ ni ìyẹn wà.

Kíì 61 dára, ó fún un ní ọ́kítéfù márùn-ún (láti dò dé dò òkè, ẹ̀ẹ̀márùn-ún), ó sì tó fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò ni bóyá kíbọ́ọ̀dù náà mọ̀ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ rọra tàbí tẹ̀ ẹ́ lágbára. Kí ẹ tẹ kíì kan pẹ̀lú ìka kan, rọra, lẹ́yìn náà kí ẹ gbá a. Bí ohùn méjèèjì bá dọ́gba, ẹ wò ó bóyá ohun kan tí wọ́n ń pè ní Touch wà nínú ètò rẹ̀ tí wọ́n pa. Bí kò bá sí rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ fún òmíràn. Piano tí Bartolomeo Cristofori ṣe ní Ítálì ní nǹkan bí 1700, orúkọ tó gbà wá láti inú ọ̀rọ̀ "rọra àti kíkankíkan". Ọmọ tí kò bá ní ohun èlò tó ń gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, ìdajì ẹ̀kọ́ kò lè wọlé sí i lára, orí fóònù ni o, ojúkojú ni o.

Iná ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù náà. Bí ó bá ní ilé bátìrì, ẹ ra bátìrì sílẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́ fún ọjọ́ ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ gba agbára sínú fóònù láti alẹ́. Àárọ̀ Sátidé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ni mo máa ń yàn fún àwọn ọmọ, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó dìde, kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó bá ní kí ọmọ dúró di òru nítorí dátà òru. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá dára jù lọ nínú yàrá tí kíbọ́ọ̀dù wà ni ẹ lò. Kí ẹ yá káàdì SIM ẹlòmíràn, kí ẹ dán an wò níbẹ̀ gan-an, nítorí ògiri kan ṣoṣo lè yí i padà. Bí ó bá ń já lọ́jọ́ òjò, ẹ pa fídíò, kí ohùn máa lọ. Bí ohùn náà bá já, ẹ pa á tì, kí ọmọ gba ìlà rẹ̀ sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn kò sọnù.

Etí ọmọ Yorùbá, mo fẹ́ kí tíṣà lo ó dáadáa, nítorí ìṣúra ni, kò sì ná wa ní nǹkan kan. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti kọ́ pé àmì ohùn wa jẹ́ dò, re, mí. Ó mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà, kò sì ronú kó tó mọ̀ ọ́n. Kí tíṣà fi imú kùn ún: re-mí. Kí ọmọ sọ ọ̀rọ̀ náà: "Ọkọ́!" Lẹ́yìn náà kó wá ohùn méjèèjì lórí kíbọ́ọ̀dù. Kó tún kùn ún: re-dò. "Ọkọ̀!" Kò pẹ́ tí yóò fi máa rí orin ìsìn látinú orí rẹ̀ láìwo ìwé. Ọ̀nà tó jìn láàárín dò àti mí ẹnu wa kì í dúró sójú kan bíi ti kíbọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí tíṣà jẹ́ kó mọ èyí, ṣùgbọ́n mímọ̀ pé ohùn gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ ti wà lára ọmọ láti ìkókó. Irú eré yìí sì gan-an ni fóònù fẹ́, nítorí lílé àti gbígbè ni.

Bí ó bá mọ tonic sol-fa, ìyẹn kíkọ orin sílẹ̀ ní dò, re, mí, láti ẹgbẹ́ akọrin, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún un pé ti àtijọ́ ni kó jù ú nù. Sarah Glover ní ìlú Norwich ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, John Curwen tún un ṣe, ó sì tàn kálẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn bàbá àti ìyá wa fi kọ orin ohùn mẹ́rin láìrí dùùrù. Kó kọ́ àmì orí ìlà márùn-ún kún un.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdánwò á jáde lọ́jọ́ kan. ABRSM, àjọ ìdánwò orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1889, ní irú ìdánwò kan láti 2020 tí wọ́n ń pè ní Performance Grades. Ọmọ á tẹ orin mẹ́rin tẹ̀ léra láìdáwọ́dúró, wọ́n á ya fídíò rẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Kò sí pé ẹ ń wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Ipele ìbẹ̀rẹ̀ kan wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ipele kìíní dé ìkẹjọ, kí ó tó kọjá ìkarùn-ún lọ sí ìkẹfà, wọ́n á fẹ́ kó ti yege nínú ìwé tíọ́rì ipele karùn-ún, tàbí ìdánwò mìíràn tí wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹ má sáré. Mo ti rí ọmọ tó gba ipele mẹ́ta tí kò sì lè bá ẹgbẹ́ akọrin tẹ orin kan lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí orin mẹ́rin péré ni wọ́n fi ọdún kan kọ́ ọ.

Ìyẹn ló mú mi dé ohun tí fóònù kò lè ṣe rárá. Kò lè kọ́ ọmọ láti bá ènìyàn mìíràn tẹ̀. Nítorí náà ẹ má yọ ọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé tíṣà ti lọ. Ẹ bá aṣáájú akọrin sọ̀rọ̀ kí wọ́n jẹ́ kó tẹ orin kan, kan ṣoṣo, nínú ìdánrawò wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fóònù kò sì lè fọwọ́ kan èjìká tó ti le. Bí tíṣà bá ń bọ̀ wá sílé nígbà Àjíǹde tàbí Kérésìmesì, ẹ gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Bí kò bá lè wá, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà ní Ilọrin. Ẹ̀ka Performing Arts ní Yunifásítì Ilọrin jẹ́ ibi tí ẹ ti lè béèrè ẹni tó lè wo ọwọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan.

Ọ̀rọ̀ tí n kò ní fò: fóònù yín ni kí ẹ̀kọ́ máa gbà, kì í ṣe ti ọmọ. Ìlẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, ẹ ó sì wà níbi tí ẹ ti ń gbọ́. Gbogbo ohun tí tíṣà bá ní láti fi ránṣẹ́, nọ́ńbà yín ló máa gbà, kó má ṣe bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Fídíò ọmọ, kó má gbé e sí ibikíbi láìtọrọ àyè. Ẹni ire ni tíṣà yín lè jẹ́, mi ò ṣiyèméjì, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sì fẹnu kò lórí owó: oṣù kan ni, tàbí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà á lọ, ta ló máa san án padà, lọ́jọ́ wo? Àìsọ èyí ti ba àárín òbí àti tíṣà jẹ́ lójú mi.

Ẹ ó sì jókòó sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ìyá wa, bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ nóòtù kan. Ẹ mú bírò. Ẹ wo aago, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí ọmọ fi tẹ kíbọ́ọ̀dù àti iye tí tíṣà fi sọ̀rọ̀. Bí tíṣà bá gba ogún nínú ọgbọ̀n, ẹ pè é lẹ́yìn náà, ẹ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Orí fóònù, ẹnu tíṣà máa ń gùn ju bó ti yẹ lọ, èmi náà ṣì ń bá ti tèmi jà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kí ọmọ gba orin kan tó mọ̀ dáadáa sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Kí ẹ má pa á rẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó gba orin kan náà sílẹ̀, kí ẹ wá fi méjèèjì tẹ̀ léra sí bàbá rẹ̀ létí lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná bá wà, láìsọ èyí tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ fún wọn. Ẹ kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ èyí tí wọ́n mú.